Àlọ́ Ojúmọmọ

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìkìrun. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀: baálé agbo ilé wa, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó wá láti Òkúkù, ọ̀dọ́mọbìnrin tó máa ń ran ìyàwó mi lọ́wọ́, àti èmi. Ìyàwó mi ti lo oṣù mẹ́rin nínú ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni wọ́n fẹ́ sọ. Ní àràárọ̀ Sátidé, àwọn ọmọ kéékèèké àdúgbò máa ń wá sábẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìnkùlé wa. Ìyàwó mi á pa àlọ́ fún wọn, wọ́n á fi amọ̀ mọ àwọn ẹranko inú rẹ̀, wọ́n á sì máa gbé wọn rìn lórí ẹní bí àlọ́ ṣe ń lọ. Ẹni tó bá mọ erin ni yóò fọhùn erin. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ nílé a máa bú bíi kìnnìún níbẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀dọ́mọbìnrin yìí ló ń bá a lọ. Tèmi ni kí n po amọ̀.

"Ọkọ wa," ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀, "a ti dákẹ́ tó. A kì í pa àlọ́ lójúmọmọ. Èèwọ̀ ni. Àbúrò mi rú u, ẹ̀yin náà sì rí ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀."

Mo wò ó. Òun ló di ẹsẹ̀ ìyàwó mi mú ní ọsibítù nígbà tí dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Etí rẹ̀ ló fi gbọ́ ọ. Ó tún bi dókítà bóyá iyọ̀ ló fà á.

"Àbí alẹ́ ti tán láyé ni?" ó ní.

Baálé rẹ́rìn-ín. "Ìjàpá gan-an, ọ̀sán ló fi ń sùn. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, lórí àga tí ìyàwó mi máa ń nù láràárọ̀. Baálé yìí kan náà ló fa ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá síbi àlọ́ náà lọ́dún tó kọjá, lójúmọmọ kedere. Nígbà náà, èèwọ̀ ò tíì dé.

Mo ní, "Lálẹ́, ta ni yóò rí etí ehoro tó ń mọ?"

Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi nìyẹn, bó ṣe máa ń dá àwọn aláròyé lóhùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí ọ̀dọ́mọbìnrin náà.

"Ìwọ ńkọ́, pẹ̀lú ikùn yìí? Ṣé ìwọ náà fẹ́ dán an wò?"

Oyún rẹ̀ ti tóbi. Ó gbé ọwọ́ lé e.

"Bàbá, ẹ má bínú," ó ní. "N ò gbà á gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí."

N kò bá a bínú. Àwọn méjì yòókù ni mo ń bínú sí.

"Ó ti parí nìyẹn," baálé wí. "Àbí ìwọ lo máa pa àlọ́ náà?"

Wọ́n mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Mo ti bímọ méjì kí n tó wọ ilé ìwé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ìyàwó mi ló ń sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì. Mo dìde, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo bu omi sí amọ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìbátan ìyàwó mi kan pè mí láti Inísà. Ó ń kí mi pé mo ṣeun tí mo gbọ́ràn, pé ẹ̀gbọ́n ti sọ fún òun pé àlọ́ ojúmọmọ ti parí. Mo pa fóònù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo fa ẹní kúrò lábẹ́ àtíbàbà, mo tẹ́ ẹ sínú oòrùn. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ gbayawu, kí baálé lè máa gbọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀. Àwọn ọmọ dé, wọ́n mọ ìjàpá, wọ́n mọ ajá. Mo jókòó sáàárín wọn.

"Ààlọ́ o," mo ní.

Ọmọbìnrin kan gbójú sókè láti ara ìjàpá rẹ̀. "Bàbá, a ò gbọ́."

Mo dìde dúró. Mo kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé, mo sì pariwo, "Ààlọ́ o!"