Ẹsẹ̀ Tó Ń Rìn Níbi Tí Dẹ́kìn Kò Tíì Dé

Matthew Ọpẹ́yẹmí, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Dára, káfíńtà ará Inísà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, á yọ pẹ́ńsù tó fi há etí, á wò ó, á dá a padà, á ní, "A dúpẹ́." Ó parí. Ìdí nìyẹn tí Adétóun ìyàwó rẹ̀ kò fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ délé tó sọ pé òun gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan lókè, níbi tí kò sí òkè. Ó gbé àwo oúnjẹ tó mú dání sílẹ̀, ó jókòó.

Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ọládélé, ọmọ Ìkìrun kan tó rí ṣe ní Èkó, ló ní òun máa kọ́ ilé alájà méje sẹ́bàá títì tó lọ sí Òkúkù. Àjà méje! Àwọn ará Eko Ende àti Igbaye tó bá wá nájà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á máa ka dẹ́kìn, ìyẹn àwọn àjà kọnkéré rẹ̀. Matthew ni olórí àwọn káfíńtà. Òun ló ń kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré lé, òun ló ń fi ọparun gbé e dúró títí á fi le. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ yẹn ju gbogbo èyí tó ti ṣe rí lọ. Nírọ̀lẹ́, bí ọkadà bá ń gbé e lọ sílé, á máa bojú wẹ̀yìn títí ilé náà á fi wọ inú igi.

Lẹ́yìn tí wọ́n da dẹ́kìn kejì ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀sán gangan ni, àwọn lébìrà ti lọ jẹun. Ó wà lábẹ́ dẹ́kìn tuntun náà, ó ń fọwọ́ yẹ ọparun wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ni nǹkan bá ń rìn lókè orí rẹ̀. Kò, kò, kò. Bàtà awọ ni, èyí tó ní gìgísẹ̀. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ láti ibi àtẹ̀gùn, ó kọjá lórí Matthew, ó lọ sí igun tó kọjú sí Òkúkù, ó dúró.

Inú bí Matthew. Kọnkéré àná!

"Ta nìyẹn? Ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ o!"

Ó gun àkàbà lọ síbẹ̀. Kò bá ẹnì kankan. Omi tí wọ́n bù sórí kọnkéré láàárọ̀ ń dán bíi dígí, kò mì, kò sì sí ojú ẹsẹ̀ kan lábẹ́ rẹ̀.

Ó ní oòrùn ló ń da òun láàmú. Ṣùgbọ́n ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó dúró lórí dẹ́kìn kẹta, kò sí nǹkan lókè orí rẹ̀ bí kò ṣe òfuurufú àti lékeléke kan tó ń fò lọ. Ó tún gbọ́ ọ. Kò, kò, kò, lókè orí rẹ̀ gan-an, bí ìgbà tí èèyàn ń rìn nínú yàrá òkè. Ó tẹjú mọ́ ojú ọ̀run títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà lọ sí igun apá Òkúkù, ó dúró níbẹ̀. Matthew so irin mọ́ okùn, ó sọ ọ́ kalẹ̀ láti etí dẹ́kìn níbi tó ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Irin náà lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó igun nísàlẹ̀.

Ó lọ bá Ọlákúnlé tí í ṣe fóómánù, ọ̀dọ́kùnrin àtúnbí kan ní Ìkìrun.

"Fóómánù, òpó igun yẹn, ta ló da kọnkéré inú rẹ̀?"

"Kí ló dé, Bàbá Dára?"

"Nǹkan kan ń rìn lọ síbẹ̀. Ó wọ bàtà."

Ọlákúnlé rẹ́rìn-ín títí ó fi di àkàbà mú. Lójijì ó dákẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ má sọ ọ́ sétí àwọn lébìrà o. Méjì ti sá lọ nínú wọn. Ohun tí wọ́n sọ náà nìyẹn. Mo ti gbàdúrà sí i. Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ wa."

Adétóun ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Matthew ní, "Ta ló máa wá tú pákó mi?" Ó ń lọ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò jẹun dáadáa mọ́.

Dẹ́kìn kẹrin bọ́ sínú ọyẹ́. Eruku funfun bo ilé náà débi pé ẹni tó wà ní títì kò rí orí rẹ̀. Matthew nìkan ló wà lókè lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ náà dé, ṣùgbọ́n kò rìn jẹ́jẹ́ mọ́. Ó ń sáré. Ó sáré kọjá lórí rẹ̀ lọ sí igun, kò dúró, ó kọjá etí ilé náà. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Matthew sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Lábẹ́ igun náà, lébìrà mẹ́jọ jókòó, wọ́n ń mu gààrí.

"Ẹ dìde! Ẹ jáde níbẹ̀!"

"Bàbá, a ṣì ń jẹun," ni Èyítáyọ̀, tó síngbọnlẹ̀ jù nínú wọn, wí.

 Matthew fẹsẹ̀ gbá abọ́ gààrí náà dànù, ó sáré. Èyítáyọ̀ gbá tẹ̀lé e, ó ń ṣépè. Àwọn yòókù tẹ̀lé wọn, àwọn kan fẹ́ là wọ́n, àwọn kan fẹ́ wòran. Abẹ́ igi dóńgóyárò ni Èyítáyọ̀ ti bá a, ó sì ti gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè nígbà tí igun ilé náà wó lulẹ̀ lẹ́yìn wọn, dẹ́kìn lórí dẹ́kìn.

Ó pẹ́ kí eruku tó rọlẹ̀. Wọ́n ka ara wọn, wọ́n pé. Èyítáyọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún Matthew lórí yẹ̀pẹ̀.

Àwọn ẹnjiníà tó wá láti Òṣogbo fọ́ ìyókù òpó náà. Kọnkéré kò dé àárín rẹ̀, ìwé àpò sìmẹ́ǹtì ló kún ibẹ̀. Ọlákúnlé kò yọjú síbi iṣẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, Ọládélé fúnra rẹ̀ dé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ilẹ̀ ibẹ̀, kò tíì gun ilé náà rí, fọ́tò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí i. Matthew dúró dè é lórí dẹ́kìn kìn-ín-ní. Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ kó tó rí i. Kò, kò, kò.  Bó ṣe ń gbọ́ ọ láti ìgbà dẹ́kìn kejì náà ni.

"Bàbá, ta ló sọ fún yín pé ó máa wó?" ni Ọládélé béèrè.

Matthew sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ọkùnrin náà wo bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo igun tó ti di òfìfo.

"Ibẹ̀ yẹn," ó ní, "lókè pátápátá, ni mo fẹ́ fi ṣe ọ́fíìsì mi."

Ó ní kí wọ́n wó èyí tó kù lókè, kí wọ́n tún igun náà dá láti ìpìlẹ̀, kí wọ́n sì fi páànù bo dẹ́kìn kejì. Matthew ló kan òrùlé náà ní ọdún 1994. Lẹ́yìn èyí, ó lọ ń kan àga ìjókòó fún ìjọ Aládùúrà kan ní Òkúkù, iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ.

Ibẹ̀ ni Adétóun gbé oúnjẹ wá bá a lọ́jọ́ kan, tó bi í pé, "Bàbá Dára, nígbà tí ẹ ń kan páànù yẹn, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan?"

"Mi ò fetí sílẹ̀," ni Matthew wí. Ó ní kó bá òun di orí kejì pákó mú, kí òun lè fi ayùn gé e.