Ọ̀sìn Tó Wà Lọ́wọ́ Bàbá Àgọ́

Ọmọ ìlú Ìbíadé ni màmá mi, Kúbúrá. Ọkọ ló gbé e wá sí Àtìkórì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹja yíyan ló sì fi tọ́ èmi Zulaikha àti àwọn àbúrò mi. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí ẹja jóná ni. Ó lè máa bá ọ jà lọ́wọ́, kí ó máa fi ọwọ́ kejì yí ẹja padà lórí ààrò.

Láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀ ni àwọn olóúnjẹ kan wà tí wọn kò ní ju ṣọ́ọ̀bù kan lọ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n di ilé-iṣẹ́ ńlá, tí wọ́n ń ta ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà, fún aráàlú, màmá mi ní ẹni tó ń ra ẹja òun tí kì í jẹ òun lówó kò ní jẹ owó òun gbé. Gbogbo ohun tó ti tù jọ láti fi kọ́lé ló fi ra ṣíà. Títí di òní, a ṣì ń gbé ilé àyágbé. Ṣíà yẹn ni ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kọ́ ló wà lórí rẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ra ṣíà, ó sì kó owó náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Hàmídù, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ní Àgọ́-Ìwòyè, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Àgọ́. Ọ̀sìn ni wọ́n pè é, bí wọ́n ṣe ń ṣe ewúrẹ́ ní Ìbíadé: màá fún ọ ní ewúrẹ́ mi sìn, o kò ní gba owó lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n bó bá bímọ, a ó pín ọmọ náà dọ́gba, ìyá á ṣì jẹ́ tèmi. Lọ́dọọdún, èrè tí ilé-iṣẹ́ náà bá pín, Bàbá Àgọ́ á gbé e wá fún màmá mi láì yọ kọ́bọ̀. N kò fẹ́ràn bó ṣe máa ń pàṣẹ nínú ilé wa, àmọ́ kì í ṣe olè.

Ní ọjọ́ Àìkú kan lóṣù tó kọjá, ó wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

“Kúbúrá, ó ti bí o! Ọ̀kan ti di márùn-ún!”

“Alhamdulillahi!” Màmá mi nu ọwọ́ sára ìró. “Bọ̀dá mi, ṣé òótọ́ ni?”

Òótọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ náà ti pín ṣíà kọ̀ọ̀kan sí márùn-ún. Lójú àwọn méjèèjì, ìyá kan ti bí ọmọ mẹ́rin: méjì fún ẹni tó ni ín, méjì fún ẹni tó ń sìn ín. Bàbá Àgọ́ jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ti rí ilẹ̀ kan ní Ìlápòrú, ó ti bá onílẹ̀ ṣàdéhùn. Ó sì ti ní kí Akóredé, alágbàtà tó ń bá a ra ṣíà, ta méjì nínú márùn-ún kọ̀ọ̀kan ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀rín kúrò lójú màmá mi.

Ara mi ò gbà á. Irú ìbí wo nìyẹn? Mo yọ fóònù, mo wo iye tí wọ́n ń ta ṣíà náà. Ó ti wálẹ̀ di ìdá kan nínú márùn-ún iye tó wà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú.

“Màmá, kò sí ohun tó bí! Wọ́n kàn gé e wẹ́wẹ́ ni. Bí wọ́n bá fi ta méjì lọ́la, ara ìyá gan-an ni wọ́n tà.”

Bàbá Àgọ́ fajú ro. “Zulaikha, èmi ni ò ń pè lólè?”

“Mi ò pè yín lólè, sà. Ẹ pe Akóredé, kí gbogbo wa gbọ́.”

Ó pè é, ó sì ṣí ohùn fóònù síta. Ẹja ti ń jóná lórí ààrò, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Màmá mi kò dìde.

“Bàbá,” Akóredé wí, “márùn-ún ti ìsinsìnyí ni ọ̀kan ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti dì í mú látọjọ́ yìí, ohun tó ní kò lé, kò sì dín. Ó kàn rọrùn báyìí láti ta díẹ̀, kéèyàn sì di èyí tó pọ̀ mú ni. Ṣé kí n ṣì ta méjì yẹn lọ́la?”

Màmá mi ni Bàbá Àgọ́ kọjú sí.

“Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mò ń retí kí nǹkan yìí bí. Méè gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ, Kúbúrá.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì ń bí mi pé ó ń ṣe mí láàánú.

Màmá mi gba fóònù náà. “Akóredé, èmi ni mo ni ín. Ta ọ̀kan nínú márùn-ún kọ̀ọ̀kan, kí o kó owó rẹ̀ fún Bọ̀dá mi. Owó ọ̀sìn rẹ̀ ni.”

“Màmá!” Mo kígbe.

Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń bá Akóredé sọ̀rọ̀ lọ. “Mẹ́rin tó kù, kọ ọ́ sí orúkọ mi. Bọ̀dá mi á fọwọ́ sí i.”

Bàbá Àgọ́ gbé orí sókè. “O ń gba ọ̀sìn lọ́wọ́ mi? Kí ni mo jí?”

“Ẹ éè jí nǹkan kan, Bọ̀dá mi. Bí ewúrẹ́ bá bímọ ní Ìbíadé, ta ni wọ́n ń kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí? Eléwúrẹ́ ni wọ́n ń pè kó wá fojú rí ọmọ, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Onílẹ̀ Ìlápòrú lẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ tún pe Akóredé. Èmi lẹ sọ fún gbẹ̀yìn.”

Bàbá Àgọ́ gba fóònù padà, ó sọ fún Akóredé pé kó ṣe bí àbúrò òun ṣe wí. Lẹ́yìn náà, ó jókòó síbẹ̀, ó ń sunkún. Màmá mi náà ń sunkún, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.