Iṣẹ́ tí mo rán Ààfáà sí tíṣà

Òórùn àjà ilé tó gbomi ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ní ilé mi ní Ṣàngó, bí òjò bá ti dá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ a máa rùn bí ẹní tí wọ́n ká ní tútù. Páànù ti dípẹtà. Káfíńtà gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ má pẹ́ o. Bí owó páànù ṣe ń fò yìí, ó máa tó ga ju ilé yín lọ.”

Ìwọ náà mọ bí ọjà ṣe rí láyé ìgbà yẹn. Àfi kí n fi kún owó ilé. Ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé tó kù, owó ti àtijọ́ gan-an kò ṣeé gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹnì kan ṣoṣo tí yóò san án ni tíṣà tó wá láti Ọ̀mù-Àrán, òun sì ni n kò lè sọ ọ́ fún. Ọdún méje ló ti wà lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí àìsàn dá ìyàwó mi dùbúlẹ̀, ìyàwó tíṣà ló ń po ògì fún un, tó ń fọ aṣọ rẹ̀, títí ó fi kú. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, síbẹ̀ bí ààwẹ̀ bá dé, wọn a pọn omi sáàrì sílẹ̀ fún wa. Mo há. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo di abaraámóorejẹ. Bí mo bá dákẹ́, òrùlé á wó lé gbogbo wa lórí.

Mo wá ṣe bí a ti ń ṣe nílé wa: ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, àgbà la máa ń fi rán. Mo bẹ Ààfáà mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa pé kó bá mi sọ ọ́ fún tíṣà. Ó lọ, ó bọ̀, ó ní, “Mo jíṣẹ́. Ó ní òun ti gbọ́.”

Ní ọjọ́ kẹta, mo rí ọmọlanke lẹ́nu ọ̀nà, tí ìyàwó tíṣà ń di ìkòkò.

“Tíṣà, kí ló dé?”

“Ẹ rán Ààfáà sí mi, Bàbá.”

“Owó ilé nìkan ni mo ní kó bá ọ sọ.”

“Ẹ bá wí i fúnra yín, à bá wá owó náà. Àràárọ̀ la ń kíra ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Onílé tó bá wá ń rán àgbà sí mi, ó ti fẹ́ kí n lọ, ojú ló ń tì í.”

Ìyàwó rẹ̀ fa okùn le. “Ẹ bá tilẹ̀ jágbe mọ́ wa, Bàbá. A ò ṣáà ní dà bí àlejò.”

Ó yẹ kí n ní, “Ẹ má lọ.” Ẹsẹ̀ ibùsùn kan ni mo bá wọn gbé dé ìdí ọmọlanke.

Ẹni tó gba yàrá wọn san iye tí mo pè. Mo kan páànù tuntun, ilé gbẹ. Ẹni náà kì í kí mi, èmi náà kì í fi bẹ́ẹ̀ kí i.

Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ fi kún owó ilé, èmi fúnra mi ni mo ń lọ kan ilẹ̀kùn. Àwọn kan a bẹ̀ mí, àwọn kan a bú mi dáadáa, n ó sì dúró gbọ́ ọ tán. Ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí wọ́n sì fèsì. Tíṣà ló yẹ kó kọ́kọ́ rí ẹ̀tọ́ yẹn gbà lọ́wọ́ mi.