Ọjọ́ Tí Ìyá Bú Ọmọ Rẹ̀ Níwájú Ọ̀gá

Ọ̀rẹ́ mi ará Ṣáínà àti èmi jọ ń gbé ilé kan ní Abu Shagara nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, nígbà tí mò ń ra abọ́ ránṣẹ́ sí Èkó. Gẹ̀ẹ́sì tá a jọ ń fọ́ kò tó nǹkan, àmọ́ a rò pé a gbọ́ra wa yé. Fíísà ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti fẹ́ tán. Bí ọmọ náà kò bá ríṣẹ́ kí oṣù tó parí, yóò padà sílé, yóò sì ku ìyá nìkan.

Èmi alátúnṣe, mo ní ìyẹn ò le. Ọ̀gá ará Íńdíà kan tí mo ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Al Ras ń wá ẹni tí yóò máa bá a tajà. Mo yin ọmọ náà fún un títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ó ní kí n mú tìyá-tọmọ wá.

Ọ̀gá bu tíì fún wa. Ó ní, "Madam, wọ́n ní ọmọ yín mọṣẹ́ gan-an."

Ìyá ń juwọ́. "Rárá o, kò mọ nǹkan kan. Orí rẹ̀ ò pé, ọwọ́ rẹ̀ ò yá." Ó tún ń rẹ́rìn-ín!

Háà! Ṣebí ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn? Mo ní lọ́kàn mi pé, àbí ọmọ yìí ń jalè ni? Ta ló mọ ọmọ ju ìyá rẹ̀ lọ? Ọ̀gá wò mí. Mo wo ife tíì.

"Khalas, ó parí," ọ̀gá ní, "a máa pè yín."

Nínú takisí ni mo ti fìbínú bi ìyá léèrè pé, "Ṣé ìwọ lo bí ọmọ yìí ṣá?"

Ẹnu yà á. "Kí ló dé tí o dákẹ́?"

Ó wá là á yé mi pé lọ́dọ̀ wọn, òbí kì í gba ìyìn ọmọ rẹ̀, ìgbéraga ni. Òbí á rẹ ọmọ sílẹ̀, ọ̀rẹ́ á gbé e sókè. Ó ti sọ tirẹ̀, ó ń retí tèmi. Èmi tí n kì í panu mọ́ nídìí ọjà, ọjọ́ yẹn ni mo wá di ọmọlúàbí! Mo sáré padà lọ́jọ́ kejì, àmọ́ ọ̀gá ti gba ẹlòmíràn.

Ní pápákọ̀ òfuurufú, mo bẹ ọmọ náà pé kó má bínú.

Ó ní, "Àǹtí, mo mọ̀ pé màmá mi ò ní yìn mí. Ẹ̀yin ni mò ń wò lójú lọ́jọ́ náà."