Eré Abúlé Méje Tí Mo Fi Ohùn Mi Polówó

Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ rédíò wa ní Pobè ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Sùlé ti jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń dúró dè mí. Awakọ̀ ni, òun ló ń wa ọkọ̀ ńlá tó ń kó símẹ́ńtì láti Onigbolo, eruku rẹ̀ sì wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Kò kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Ó na tẹlifóònù rẹ̀ sí mi, ohùn kan sì jáde níbẹ̀: “Ẹ̀yin ará ilé, ọmọ wa kan ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká ràn án lọ́wọ́.” Ohùn èmi fúnra mi ni.

“Ìyá Rẹ́mì,” ó ní, “oṣù mẹ́fà lẹ ní eré tí a sanwó fún yìí yóò fi parí. Ó ti di oṣù mẹ́rìnlá. Ṣé gáímán lẹ mú wá bá wa ni?”

Gáímán ni a ń pe àwọn tó ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì lu èèyàn ní jìbìtì ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Láti ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń fi ẹnu ṣiṣẹ́ jẹun, kò sẹ́ni tó tíì so ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ orúkọ mi.

Iṣẹ́ mi ni kíka kòmínìkè, ìyẹn àwọn ìkéde tí ará ìlú ń mú wá: òkú, ewúrẹ́ tó sọnù, ìpàdé ẹgbẹ́. Bàbá Àlàó, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ní kí n máa bi ẹni tó bá mú ìkéde wá pé, “Ṣé o fi ojú ara rẹ rí i?” Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, ní ọdún kejì mi, mo kéde ikú àgbẹ̀ kan ní Takon. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà wọlé tọ̀ wá wá tòun ti ọkọ́ lọ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọn yóò sin òun, nítorí àgbàdo òun ti gbó, òun kò fẹ́ kí ó bọ́ sí ọjọ́ ìkórè. Bàbá Àlàó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba míkíró tí mo fi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ kan.

Síbẹ̀, nígbà tí Ganíyù, ọmọkùnrin tó fẹ́ ṣe eré náà, wá láti Sakété, n kò bi í ní nǹkan kan. Ó ti ṣe olùkọ́ kọ̀ǹpútà rí, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó bá ń ṣe irú eré yìí máa ń di ẹlòmíràn nínú ìtàn. Yóò yan orúkọ àti iṣẹ́, yóò máa rìn láti abúlé dé abúlé, bó bá sì ṣe bá àwọn ará ibẹ̀ lò ni ìtàn náà yóò ṣe parí. Abúlé méje ni yóò wà níbẹ̀, èdè wa ni wọn yóò sì máa sọ. Kò lówó tí yóò fi ṣe é, ló bá ṣí ojú ìwé ìdáwójọ kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn tó bá wù san owó sílẹ̀ kí eré náà tó wà. Ó wá ní kí n jẹ́ ohùn ìyá arúgbó kan nínú rẹ̀, ó sì gba ohùn mi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tó dí mi lójú nìyẹn. Ohùn tèmi, bí ìkéde bá ti parí, ó ti parí; nínú eré, yóò máa wà níbẹ̀.

Àwọn èèyàn kọ́kọ́ fura. Wọ́n ní ta ló ń ra iṣu tí wọn kò tíì gbìn. Ìgbà tí mo kà á lórí rédíò ni wọ́n tó sanwó.

Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí Sùlé wá ni mo wọ takisí lọ sí Sakété. Onílé Ganíyù, Alhájà kan tó ń ta aṣọ, wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

“Ṣé ẹ̀yin náà ti sanwó fún un ni?” ó ní. “Kì í jáde. Kì í ṣí fèrèsé. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ló ń ṣe, ṣé a ò ní máa gbọ́ ariwo iṣẹ́ ni?”

Ganíyù ti rù. Mo bi í léèrè owó. Ó fi kọ̀ǹpútà tó rà hàn mí, ó fi ìwé owó tí obìnrin tó ń bá a ya àwòrán ní Àjàṣẹ́ buwọ́ lù hàn mí.

“Kí ló dé tí o kò dá àwọn èèyàn lóhùn?”

“Ẹ̀rù ń bà mí, màmá. Abúlé àkọ́kọ́ ni mo ṣì ń tún ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti wó o tí mo tún un kọ́.”

Mo wò ó lójú, n kò sì mọ èyí tí ǹ bá gbà gbọ́. Gáímán náà mọ bí a ṣe ń fa ojú ro.

“Gbé e wá sí Pobè ní Sátidé,” mo ní. “Bí o kò bá wá, n óò sọ lórí rédíò pé mo ti ṣi ará ìlú lọ́nà.”

“Ẹ fún mi lóṣù kan sí i.”

“Sátidé.”

Ní Sátidé, bí ogún èèyàn lára àwọn tó sanwó ló jókòó sí yàrá ìpàdé wa. Aago mẹ́wàá kọjá, Ganíyù kò dé. Sùlé kàn ń wò mí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, alùpùpù kan gbé Ganíyù dé tòun ti ẹ̀rọ rẹ̀ nínú àpò ìrẹsì.

Sùlé ló ní òun ni yóò dán an wò, nítorí èèyàn lè ra eré eléré kí ó ní tòun ni. Ó sọ ara rẹ̀ di ọdẹ, ó wọ abúlé, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ kọjá lára ìyá arúgbó láì kí i. Ohùn mi jáde: “Ọdẹ, ṣé ẹran ìgbẹ́ ló tọ́ ọ dàgbà ni?” Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, Sùlé náà rẹ́rìn-ín, ó padà lọ kí i. Lẹ́yìn náà ó dé etí odò kan. Òdìkejì rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

“Ibẹ̀ ni mo bá a dé,” Ganíyù ní.

“Abúlé mélòó lo ṣèlérí?” Sùlé bi í.

“Méje.”

“Kan ṣoṣo ni mo rí. O ò jalè, ṣùgbọ́n o parọ́.”

Ganíyù gbà bẹ́ẹ̀. Níwájú gbogbo wọn, ó ní abúlé mẹ́ta lòun lè ṣe parí, òun yóò sì máa wá fi ibi tí òun bá dé hàn wọ́n lóṣooṣù. Àwọn kan ní àwọn kò ṣe mọ́, ó sì dá owó wọn padà díẹ̀díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó síwájú míkíró, mo sọ pé mo ti ka ìkéde kan tí n kò wádìí, kí àwọn tó fetí sí mi má ṣe bínú. Dírẹ́tọ̀ wa kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ó tó bí ọdún kan kí eré náà tó parí, abúlé mẹ́ta gẹ́lẹ́. Sùlé yà sí iléeṣẹ́ rédíò wa láti wá ṣe é. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wá, lẹ́yìn tó bá ti já ẹrù, títí ó fi ṣe é dé òpin.

“Báwo ni?” mo bi í.

“Eré náà dára,” ó ní. “Ẹni tó ṣe é ni n kò tíì gbà gbọ́.”

Ó wá wo èmi náà lójú, ó sì jáde lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. N kò bi í bóyá ó ti gba èmi gbọ́.