Ọ̀nì Mẹ́ta Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọ̀nì ni kí a kọ́kọ́ sọ, nítorí bí ẹnìkan bá dárúkọ Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀ lónìí, ẹ̀rín ọ̀nì ni ẹlòmíràn yóò fi dáhùn.

Amọ̀nà ni Bàbá nínú igbó etí òkun tí ìjọba fi pamọ́ fún àwọn ẹranko, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wá rìn kiri. Lọ́jọ́ náà, ó kó àwọn olùkọ́ méje wọlé láàárọ̀ kùtùkùtù. Ibi tó ṣèlérí fún wọn ni etíkun kékeré kan lópin ọ̀nà, níbi tí ó ní àwọn ìjàpá òkun ti máa ń gòkè wá yé ẹyin. Òun nìkan ló débẹ̀ rí. Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n rí ọ̀nì kan lórí iyanrìn láàárín adágún, ó ya ẹnu sí wọn.

"Ẹ kí i," ni Bàbá wí. "Ẹ̀gbọ́n nìyẹn."

Wọ́n kọjá nínú ẹrẹ̀, akàn ń sá níwájú wọn. Lẹ́yìn wákàtí kejì, wọ́n rí ọ̀nì lórí iyanrìn láàárín adágún, ó na ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbalaja.

"Àbúrò nìyẹn."

Nígbà tí oòrùn kàn wọ́n lórí, ọ̀nì tún nìyẹn, ó kọ ìrù sí wọn.

"Ìyàwó àbúrò," ni Bàbá wí, ó ń nu òógùn.

Olùkọ́ ìṣirò, obìnrin tí bàtà ti bó lẹ́sẹ̀, dúró gbọnin. "Bàbá, ẹ má bínú o. Àpá funfun tó wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n ló wà lẹ́yìn àbúrò. Òun náà ló tún wà lẹ́yìn ìyàwó yìí."

Bàbá wo ọ̀nì, ó wo olùkọ́. "Tíṣà, tọkọtaya tó bá ti pẹ́ pọ̀ máa ń jọra."

"Ó kù tó báwo ká tó dé?"

"Ó kù díẹ̀."

Ó ti sọ ọ́ láàárọ̀, ó ti sọ ọ́ nínú ẹrẹ̀. Àwọn olùkọ́ yíjú pa dà, wọ́n sì ròyìn fún gbogbo ìlú. Ibẹ̀ ni orúkọ ti mọ́ ọn lórí.

Télọ̀ ni kó tó di amọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lára aṣọ. Àjákù aṣọ ló ń so mọ́ igi láti fi sàmì sí ọ̀nà. Àwọn ọ̀bọ fẹ́ràn àjákù aṣọ. Bí ó bá so ó lónìí, wọ́n á tú u lọ́la, wọ́n á gbé e lọ síbi tó wù wọ́n. Tí Bàbá bá bá àmì rẹ̀ lórí igi tí kò sí lójú ọ̀nà rárá, kì í gbà pé wọ́n jí i. Á ní ọ̀nà ló yí pa dà.

Ó bá ọ̀bọ nájà rí. Ọ̀bọ ti ṣí fìlà àlejò kan. Bàbá na ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sí i, ọ̀bọ kọ̀, ó ń wo èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. "Méjì kẹ̀?" ni Bàbá wí. "Fún fìlà àlòkù? Jẹ́ kí n fi kan kún un, àmọ́ wàá kọ́kọ́ jọ̀wọ́ rẹ̀." Àlejò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi fìlà sílẹ̀. Bàbá ní rárá, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ. Nígbà tí ọjà tú, ọ̀bọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta, fìlà àlejò, àti fìlà Bàbá.

Nílé, kò sí aṣọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kọ́tìnì ń kúrú sí i. Lọ́dún kan, ìró pupa olódòdó tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn jù pòórá. Ìyàwó ní àbúrò ọkọ òun obìnrin ló yá a tí kò dá a pa dà. Àbúrò ọkọ búra títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Fún ọdún mọ́kànlá, bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ọ̀rọ̀ ìró yìí ni wọ́n fi ń kíra.

Lọ́dọọdún ni Bàbá ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Wá jẹ́ ká lọ wo etíkun yẹn." Lọ́dọọdún ló ń dá a lóhùn pé, "Ọjọ́ tí ẹ bá mọ̀nà, màá bá yín lọ."

Bàbá kú lójú oorun, láìní àìsàn kankan. Kò pẹ́ ni ọ̀gá àwọn amọ̀nà wá sọ fún opó pé àwọn fẹ́ ti ọ̀nà náà pa, nítorí kò dé ibì kankan. Ó sọ ọ́ tìtìjútìtìjú, àmọ́ ó sọ ọ́.

"Ṣé òpùrọ́ ni mo wá bá gbé fún ọgbọ̀n ọdún?" ni Màmá, opó náà, béèrè. "Ẹ mú mi débẹ̀ kí ẹ tó tì í. Tí kò bá sí níbẹ̀, kí n mọ̀ pé kò sí."

Àwọn mẹ́ta ló lọ: Màmá, àbúrò ọkọ rẹ̀, àti ọ̀gá amọ̀nà. Àmì kan ní kí wọ́n lọ sọ́tùn-ún, èkejì wà lọ́rùn ọ̀bọ. Wọ́n rí ọ̀nì. Wọ́n rìn títí, wọ́n tún rí ọ̀nì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀gá amọ̀nà ṣí fìlà lórí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. A ti ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká pa dà."

Ojú Màmá ò kúrò lára ọ̀nì. "Nígbà àkọ́kọ́, ẹnu rẹ̀ ni mo rí. Ìkejì, ẹ̀gbẹ́. Báyìí, ìrù ni. Ẹranko yẹn ò mira láti àárọ̀. Àwa là ń yí i po."

Òótọ́ ni. Ẹrẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀nà gba tààrà, ó ká yí adágún po bí ẹni ká téèpù télọ̀. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń pa dà ni òdìkejì adágún, níbi tó ti kọjú sí òkun. Bóyá Bàbá mọ̀ pé ọ̀nì kan ṣoṣo ni, bóyá kò mọ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ.

Wọ́n la omi tó mu wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀ kọjá. Àwọn ọ̀bọ dúró lẹ́yìn, wọn kì í sọdá omi. Wọ́n kọjá igi mẹ́ta péré, etíkun sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ipa ìjàpá òkun gòkè láti inú omi, ó sì pa dà sínú rẹ̀. Lábẹ́ igi ni bẹ́ńṣì kan wà, tí wọ́n fi pákó tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ kàn. Tìmùtìmù méjì ló wà lórí rẹ̀. Òjò ti fọ àwọ̀ wọn, àmọ́ pupa olódòdó ni, ọwọ́ télọ̀ sì hàn létí wọn.

"Ìyàwó wa!" ni àbúrò ọkọ kígbe. "Ìró nìyẹn! Ọdún mọ́kànlá!"

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó di ọwọ́ àbúrò ọkọ rẹ̀ mú. "Àǹtí, ẹ foríjì mí. Ilé mi ni olè wà."

Ó jókòó sórí tìmùtìmù kan, ó tẹ́ ọwọ́ sórí èkejì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Oòrùn ń rẹlẹ̀. Ọ̀gá amọ̀nà dúró pẹ́ kó tó béèrè bóyá kí wọ́n máa lọ.

"Ó kù díẹ̀," ni Màmá wí.