Bàtà Yìnyín Nínú Omi Àdúrà

Òórùn bàtà rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Awọ tó ti mu òógùn yó ni, ó sì máa ń gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Thamesmead kan. Mo sọ fún un, mo tún sọ ọ́, pé ìta ni kí ó máa gbé e sí. Á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Auntie," á sì tún gbé e sídìí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná.

Ayálégbé wa ni, ní London, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọmọ ẹ̀yà Cree ni, lára àwọn tó ni ilẹ̀ Kánádà kí òyìnbó tó débẹ̀. Orí adágún tó dì gbagidi lẹ́yìn abúlé wọn ló ti kọ́ họ́kì orí yìnyín, eré tí wọ́n ń wọ bàtà onírin lábẹ́ sáré, tí wọ́n sì ń fi ọ̀pá gbá. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń gbé ilé onílé, tó ń fi eré náà jẹun láti ìlú dé ìlú. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ṣẹ́ sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, orúnkún rẹ̀ kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Adènà ni: iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó dúró sẹ́yìn, níwájú aṣọ́lé, kí ẹnikẹ́ni má bàa kọjá. Ó fi ṣíbí àti agolo iyọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún wa lórí tábìlì oúnjẹ. Tíṣà ni mí, mo mọ àlàyé tó yanjú bí mo bá gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kò yé àwọn ará ìjọ aládùúrà wa ní Woolwich. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti mú un wá, tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ni wọ́n ti gbà á lọ́mọ. Lẹ́yìn ìsìn, wọn a wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá odò lọ wò ó níbi tó ti ń gbá họ́kì, wọn a sì máa pariwo láti orí ìjókòó: "Brother, ẹ lọ síwájú o! Ṣé ẹ̀yìn ni góòlù wà ni?"

Ọkọ mi ló ń pariwo jù. Mo fà á láṣọ. "Daddy, adènà ni."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ìyẹn gan-an ni Mummy Wòlíì ṣe ń gbàdúrà ìgbéga fún un."

Òótọ́ ni. Gbogbo ọjọ́rú ni Mummy Wòlíì, ìyá àgbà tó ń ríran fún ìjọ, ń lé ẹ̀mí ẹ̀yìn kúrò lára ọmọ ọlọ́mọ. "Orí ni yóò jẹ́, kò ní jẹ́ ìrù!" Mo gbìyànjú láti tún un ṣe. Mo ní àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Wọ́n ṣe àmín fún mi.

Ọkùnrin náà ní ojú àánú. Nígbà tó rí bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, ó bẹ̀rẹ̀ sí sáré lọ síwájú láti tẹ́ wọn lọ́rùn, àwọn ọ̀tá sì ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Ni kóòṣì bá kìlọ̀ fún un pé eré ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni yóò pinnu bóyá wọn yóò mú un dúró. Bí wọ́n bá sì jẹ́ kí ó lọ, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó ń wá adènà tí orúnkún ń dùn. Ó parí nìyẹn.

Mummy Wòlíì gbọ́, ó ní kí wọ́n gbé bàtà náà wá. Mo rò pé yóò wọ́n omi sí i lásán ni. Àfi bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí mo bá a nínú báàfù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, tó rì sínú omi àdúrà oníyọ̀ láti ọjọ́rú.

"Mummy, irin ló wà lábẹ́ ẹ̀ o."

"Tíṣà, ṣé irin ju Olúwa lọ ni?"

"Kò jù ú lọ, Mà. Ṣùgbọ́n ó ti dípẹtà."

Ó wò ó. "Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọ̀tá ẹ̀ ló jáde yẹn."

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Nígbà tí ẹni tó ń pọ́n irin bàtà fún ẹgbẹ́ rẹ̀ fi máa lọ ìpẹtà náà tán, ohun tó kù lábẹ́ bàtà ti di pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọkùnrin náà wọ̀ ọ́, kò lè sáré rárá. Bó bá fẹ́ lépa ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ̀. Ni ó bá lọ dúró síwájú aṣọ́lé rẹ̀, ó fi ọ̀pá rẹ̀ dábùú, kò sì kúrò níbẹ̀. Àwọn tiwa ń pariwo títí ohùn wọn fi há. Ó ń wò wọ́n, kò lọ. Àwọn ọ̀tá ń bọ̀, wọ́n ń kọ lu àyà rẹ̀, wọ́n ń padà. Kò sẹ́ni tó kọjá.

Kóòṣì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ohun tí òun ti ń bẹ̀ ẹ́ láti oṣù tó kọjá nìyẹn. Wọ́n mú un dúró.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Mummy Wòlíì dìde jẹ́rìí: omi náà ti ṣiṣẹ́. Mo ti ń dìde láti la ọ̀rọ̀ náà yé wọn lẹ́sẹẹsẹ nígbà tí ọkùnrin náà, tó jókòó tì mí láìwọ bàtà, gbá mi lápá mú.

"Auntie, ẹ fi í sílẹ̀. Ìyá-ìyá mi nílé náà á ní àdúrà òun ló ṣe é."

Mo jókòó.

Ó padà sílé nígbẹ̀yìn, ó ń kọ́ àwọn ọmọ abúlé wọn lórí adágún yẹn. Ó máa ń pè wá lórí fóònù. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì, a ṣì ń lọ sí ìjọ kan náà. Nígbà tí àdúrà bá dé ibi orí tí kì í ṣe ìrù, mo máa ń kọ́kọ́ ro gbogbo àwọn tó dúró sẹ́yìn kí ilé má bàa tú, kí n tó ṣe àmín. Ọkọ mi á fi ìgúnpá gún mi pé mo ti ń pẹ́ jù. Títí dòní ló ń ṣàròyé pé, pẹ̀lú gbogbo àdúrà yẹn, ọkùnrin náà kò gbá góòlù kankan.